Òjò Ìràwọ̀ Tiwa, Oṣù Kejìlá Ni

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń sún mọ́ ìdajì, ọ̀rọ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ lórí fóònù: òjò ìràwọ̀ ń bọ̀ o, ẹ má sùn lóru ọjọ́ kejìlá mọ́jú ọjọ́ kẹtàlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá ti tìtorí ọ̀rọ̀ yìí jókòó síta títí ẹ̀fọn fi jẹ wọ́n yó, tí wọn ò sì rí ju ìkùukùu lọ. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa fún wọn. Àwọn tó kọ ìròyìn náà ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù Kẹjọ ti jẹ́ ìgbà ooru, tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sórí pápá kó sì fi ojú ọ̀run bora. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ló ni oṣù Kẹjọ. Kódà bí òjò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láàárín oṣù náà, ìkùukùu kì í kúrò lójú ọ̀run bọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ojú ọ̀run mọ̀ ni pé àwa náà ní tiwa, ó sì ju ti oṣù Kẹjọ lọ. Òru ọjọ́ kẹtàlá mọ́jú ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ni. Nígbà yẹn òjò ti lọ, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ẹ̀fọn ti dín kù, ojú ọ̀run sì máa ń mọ́ gaara láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Geminids ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ fi òru kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín ọdún láti wo ìràwọ̀ tó ń já, òru yìí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń já gan-an. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìràwọ̀ bá já, ìyá bàbá mi á fọwọ́ kan orí wọn, wọ́n á ní, “Orí mi ò!” Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ẹni ńlá kan ló lọ níbì kan. Mo bọ̀wọ̀ fún màmá yẹn títí dòní, àmọ́ ìràwọ̀ kankan ò já. Oòrùn ni ìràwọ̀ gidi kọ̀ọ̀kan, jíjìnnà tó jìnnà ló sọ ọ́ di kékeré lójú wa. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń já ni, à bá ti máa kà wọ́n tì. Ìràwọ̀ mẹ́ta kan wà tó máa ń tò gbọọrọ lójú ọ̀run lásìkò ọyẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí màmá mi àgbà jẹ́ ọmọdé, mẹ́ta náà ni wọ́n lálẹ́ àná.

Ohun tó kọ yànràn yẹn, hóró iyanrìn ni. Àwọn tó tóbi nínú wọn lè tó hóró ẹ̀wà tàbí ti àgbàdo. Ṣe ló ń lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀ nínú òfurufú níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, ó dúdú, kò sẹ́ni tó lè rí i. Ìgbà tó bá já wọ inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé wa ká ni wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Eré tó ń sá pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò ráyè yà fún un. Afẹ́fẹ́ náà á fún pọ̀, á gbóná kọjá sísọ, á sì sọ hóró náà di oruku iná. Ìmọ́lẹ̀ oruku yẹn àti ti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó yí i ká ni ojú wa ń rí. Kó tó di pé ẹ sọ fún ẹnì kejì pé “Wò ó!”, ó ti tán.

Eré wo ló ń sá? Ti oṣù Kejìlá ń sá kìlómítà 35 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀yin tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti há mọ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn rí láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, hóró iyanrìn yìí á ti Èkó dé Ìbàdàn kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin tán. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó rọra ń rìn nìyẹn. Àwọn ti oṣù Kọkànlá ń sá tó kìlómítà 71. Ohun tó jẹ́ kí ti oṣù Kejìlá dùn ún wò gan-an ni pé ojú ráyè tẹ̀lé e, ó ń fà bọ̀ láti ibì kan dé ibì kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn mìíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iná àtùpà.

Ní ti gíga, nǹkan bí kìlómítà 80 sí 100 ni wọ́n ti ń jóná lókè orí wa, ìyẹn ìlọ́po mẹ́jọ ibi tí ọkọ̀ òfurufú ńlá ń gbà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló kọ́kọ́ wọn gíga yìí ní ìlú Göttingen ní Jámánì lọ́dún 1798, Brandes àti Benzenberg. Wọ́n jìnnà síra wọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, wọ́n ń wo ìràwọ̀ kan náà tó ń já, oníkálukú ń kọ ibi tó rí i sí sílẹ̀. Bí ibi tí ẹni àkọ́kọ́ rí i bá yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, ìṣirò ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ lè dán an wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí èkejì wà ní Ọ̀yọ́.

Níbo wá ni àwọn hóró yìí ti ń wá, kí ló dé tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan so àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí àpò ọ̀hún sì lu. Gbogbo ibi tó bá gbà ni gàrí á máa dà sí. Bó bá ń gba ọ̀nà kan náà lọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kò ní pẹ́ tí ọ̀nà náà á fi funfun. Bí ọ̀nà tí ẹ̀yin ń gbà lọ sóko bá wá dábùú ọ̀nà rẹ̀, ojú kan náà lẹ ti máa fẹsẹ̀ tẹ gàrí ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kọjá. Àpò tó lu lójú ọ̀run ni ìràwọ̀ onírù. Yìyín àti eruku ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ti sún mọ́ oòrùn, yìyín náà á máa gbẹ lọ, eruku inú rẹ̀ á sì máa dà sílẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ayé wa ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló ń dábùú ọ̀nà eruku kọ̀ọ̀kan, ní déètì kan náà, àfi kó fi ọjọ́ kan yẹ̀.

Ti oṣù Kejìlá ní àdììtú tirẹ̀. Láti ọdún 1862 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ ń já lọ́pọ̀ yanturu ní àsìkò yìí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rí àpò tó ń jò. Ó di ọdún 1983 kí Simon Green àti John Davies tó rí ohun kékeré kan tó ń rìn nínú ohun tí sátẹ́láìtì IRAS ń yà, Fred Whipple sì tọ́ka sí i pé ọ̀nà tó ń gbà bá ti eruku oṣù Kejìlá mu wẹ́kú. Phaethon ni wọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe ìràwọ̀ onírù. Àpáta ni, ó fẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 5 sí 6, ó sì ń yí oòrùn po láàárín nǹkan bí ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Nígbà tó bá dé tòsí oòrùn, ó máa ń sún mọ́ ọn ju Mercury lọ, ara rẹ̀ á sì gbóná ju 700 dígíìrì lọ. Báwo ni àpáta ṣe ń jò eruku bí àpò gàrí? Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a yí. Ẹni tó bá ti rí òkúta ààrò tó gbóná ganrínganrín tó sì sán yẹ́ẹ́ mọ́jú mọ ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ nídìí orúkọ. Geminids wá láti ara Gemini, ìbejì ni ìyẹn ní èdè Látìn. Àwọn ará àtijọ́ ní Gíríìsì àti Róòmù rí ìràwọ̀ méjì tó wà nítòsí ara wọn, wọ́n kà wọ́n sí ìbejì, wọ́n ń pè wọ́n ní Castor àti Pollux. Ẹ wá gbọ́ èyí. Láti ilẹ̀ wa, Castor ló kọ́kọ́ ń yọ lálẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́rin wákàtí ni Pollux á tó yọ. Èyí tó gbẹ̀yìn dé yìí ló sì mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Bí mo ṣe kọ́kọ́ ka ìyẹn, mo dìde lórí àga. Táíwò ló jáde wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n! Èmi ni mo fún àwọn ìràwọ̀ méjèèjì lórúkọ yìí o, kì í ṣe pé mo jogún rẹ̀, àmọ́ mi ò lè fi orúkọ mìíràn pè wọ́n mọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Wíwá wọn rí ò le. Bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ bá lù, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n tò bí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ara àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion ni wọ́n. Láti ibẹ̀, ẹ yí ojú sí apá òsì, kẹ́ ẹ sì wò wálẹ̀ díẹ̀, síhà àríwá. Ìràwọ̀ méjì tó mọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, tí àlàfo àárín wọn tó ìka mẹ́ta tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ yín jáde, Táíwò ló wà lókè, Kẹ́hìndé ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Táíwò gan-an ni gbogbo ìràwọ̀ tó bá ń já lóru ọjọ́ yẹn á dà bíi pé ó ti ń tú jáde.

Mo ní á dà bíi pé, torí ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ti dúró sí ojú irin rélùwéè rí á yé e. Irin méjèèjì ò pàdé rárá, bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn ní Òṣogbo náà ni wọ́n ṣe jìnnà síra wọn ní Ọ̀ffà, àmọ́ téèyàn bá wò ó lókèèrè, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ti là wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn hóró eruku yìí ń bọ̀ ní ọ̀wọ́, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú wa ló ń so ọ̀nà wọn pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Táíwò. Nítorí náà, kò pọn dandan kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ìbejì. Àwọn tó bá já nítòsí ibẹ̀ kúkúrú ni wọ́n máa ń jẹ́. Àwọn tó bá já jìnnà sí ibẹ̀ ló máa ń fà gùn. Ẹ kàn wo ojú ọ̀run tó fẹ̀ jù, tó ṣókùnkùn jù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba gbogbo ojú yín.

Ìbejì á yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Láti aago mẹ́wàá lọ, ìràwọ̀ á ti máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èyí sì dára fún àwọn ọmọdé tí oorun máa ń tètè kùn. Ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta òru ni ìbejì máa ga jù, lápá àríwá, ó ju ìdajì ọ̀nà lọ láti ilẹ̀ sí àárín orí. Àsìkò yẹn ni ọjà kún jù. Gíga tí ìbejì ga wà lára ìdí rẹ̀, ìdí kejì sì kan ìrìn ayé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré nínú òjò, àyà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rin gbingbin kó tó kan ẹ̀yìn. Ayé ń sáré yí oòrùn po, ó sì ń yí lórí ara rẹ̀. Kó tó di ọ̀gànjọ́, ẹ̀yìn ayé la wà. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, a ti bọ́ sí àyà rẹ̀, níbi tí òjò ti ń lù ú.

Ohun tó lè ba òru náà jẹ́ jù ni òṣùpá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń pa àwọn ìràwọ̀ kéékèèké rẹ́, àwọn ńláńlá nìkan ló ń ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ń fọkàn bá òǹkà oṣù àwọn Mùsùlùmí lọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bí òṣùpá á ṣe rí, nítorí ìgbà tí oṣù bá lé ni òǹkà náà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá bá bọ́ sí ọjọ́ mélòó kan tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òṣùpá á ti wọ̀ kí òru tó jin. Bó bá bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá tàbí kẹẹ̀ẹ́dógún, òṣùpá arànmọ́jú nìyẹn, kò ní sí òkùnkùn rárá. Bó bá ti lé ní ogúnjọ́ dáadáa, òṣùpá kò ní yọ títí di ọ̀gànjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lè wo tiyín kó tó dé. Ní ọdún 2026, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ni òṣùpá di tuntun, nítorí náà tó bá fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, ó ti wọ̀, òkùnkùn ló kù títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ní 2027, ọjọ́ kẹtàlá gan-an ni òṣùpá máa kún. Ẹni tó bá lè ráyè fún ọ̀kan nínú méjèèjì, kó mú ti 2026.

Lẹ́yìn òṣùpá, iná tí àwa fúnra wa tàn ló kù. Ní Ìkẹjà tàbí ní Dùgbẹ̀, iná òpópónà, ti ilé epo àti ti ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ ojú ọ̀run di àwọ̀ eérú, èèyàn lè jókòó fún wákàtí kan kó má rí ju mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ ládùúgbò yín lóru yẹn, ẹ bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá wo bí ojú ọ̀run ṣe máa yàtọ̀. Òru tí iná ò sí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ tó pọ̀.

Bí ẹ bá lè kúrò nílùú ńlá, Òkè-Ògùn ni mo fẹ́ràn jù: Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Adó-Àwáyè. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣí, igi rẹ̀ ò ga bíi ti igbó Oǹdó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ìdánrè náà dára nítorí òkè rẹ̀. Àwọn ará wa ní Ṣábẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin, ní àpáta tó ṣeé jókòó lé, ojú ọ̀run wọn sì ṣókùnkùn. Síbẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ kó yé wa: ẹ má tìtorí ìràwọ̀ wọ igbó lóru, ẹ má sì gun àpáta tẹ́ ẹ ò mọ̀ nínú òkùnkùn. Orí ilé, àgbàlá, tàbí pápá ilé ìwé tó wà láàárín abúlé tó. Ẹ pọ̀ jọ lọ, ẹ sọ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò ṣáájú, kí wọ́n má bàa rò pé olè lẹ jẹ́, kẹ́ ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, nítorí ejò.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ní ibi tó dára àti ibi tí kò dára sí. Ó ń gbẹ afẹ́fẹ́, ó ń lé ìkùukùu lọ, àmọ́ eruku ló ń gbé bọ̀. Ti àárín oṣù Kejìlá kì í sábà le tó ti oṣù Kìíní. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ti pòórá tó jẹ́ àwọn tó wà lókè orí nìkan ló ń tàn, eruku ti pọ̀ nìyẹn, ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo òkè tààrà. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbìyànjú òru tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí kì í tán lóòjọ́.

Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rà. Awò tó ń mú nǹkan jíjìnnà súnmọ́ kò wúlò fún èyí, nítorí ojú kékeré ló ń fi ọ̀run hàn. Ẹní, ìrọ̀rí, aṣọ òtútù àti omi gbígbóná nínú fílásì ti tó. Ohun tó ṣòro fún èèyàn òde òní ni fóònù. Ó máa ń gba ojú tó ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n kó tó mọ òkùnkùn lójú, wíwo fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì ti da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lápò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, tí òṣùpá ò sí rárá, mo wà ní Ìgbẹ́tì nílé ẹ̀gbọ́n mi kan, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀. Èmi àti ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án la tẹ́ ẹní. A gbé abọ́ méjì sí àárín, àgbàdo gbígbẹ kún ọ̀kan, èkejì ṣófo. Bí ìràwọ̀ kan bá já, ọmọ náà á mú hóró kan nínú abọ́ yìí sọ sínú èkejì, ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò lókè, ìró hóró náà nínú abọ́ irin la fi ń mọ̀ pé ó ti kà á. Wọn kì í já lọ́kọ̀ọ̀kan ní déédéé bí aago. A lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta á já tẹ̀ léra, abọ́ á dún táì, táì, táì. Láti aago kan sí aago méjì òru, hóró méjìléláàádọ́ta ló wà nínú abọ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tó mọ́lẹ̀ ju Àgùàlà lọ, ó fà láti ẹ̀gbẹ́ Táíwò lọ sí orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, àwọ̀ rẹ̀ sì ti di búlúù kó tó kú. Ọmọ náà pariwo débi pé àwọn ajá àdúgbò gbè é.

Mo sọ iye yẹn nítorí ẹ lè kà á níbì kan pé 120 tàbí 150 ni Geminids máa ń já ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ fún ojú ọ̀run tí kò lábàwọ́n kankan, tí ibi tí wọ́n ti ń tú jáde sì wà láàárín orí gẹ́lẹ́. Bí àádọ́ta lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìgbẹ́tì, ó pọ̀ púpọ̀.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: ṣé kò ní já lé ilé wa? Ti òjò ìràwọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń jóná tán lókè lọ́hùn-ún. Àwọn òkúta tó máa ń dé ilẹ̀ lóòótọ́ yàtọ̀ sí wọn, wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọn kì í sì dúró de òjò ìràwọ̀. Ọ̀kan já ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ní Zagami lápá Katsina. Àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ kúrò lóko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí nǹkan dún gbì, òkúta tó tó kìlógíráàmù 18 sì rì sínú ilẹ̀ nítòsí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, láti ara Mars ló ti wá. Ọwọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé ni àwọn ẹ̀là rẹ̀ wà lónìí.

Ní ti àwọn òjò ìràwọ̀ tó kù láàárín ọdún, ẹ lè gbìyànjú ti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, láti aago mẹ́ta ààbọ̀ òru títí ojúmọ́ fi là, bí òjò bá gbà. Ti ọjọ́ kọkànlélógún mọ́jú ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá náà wà, nǹkan bí ogún ní wákàtí kan. Eruku ìràwọ̀ onírù Halley ló ni méjèèjì, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà ṣì rántí pé ó kọjá lọ́dún 1986. Wọn ò tó ti ìbejì rárá.

Ti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, Leonids, kì í tó nǹkan ní ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ òun ló ní ìtàn. Ìràwọ̀ onírù tó ń da eruku rẹ̀ sílẹ̀ máa ń padà wá ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n-mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, nígbà mìíràn tí eruku bá sì ki, ó máa ń di ìjì. Òru ọjọ́ kejìlá mọ́jú ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kọkànlá ọdún 1833 wà lára èyí tó le jù nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ìràwọ̀ ló ń já ní wákàtí kan. Àwọn èèyàn kúnlẹ̀ sójú títì, wọ́n ní ayé ti parẹ́. Denison Olmsted, olùkọ́ ní Yale, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn tó rí i kọ̀wé sóun, inú àwọn lẹ́tà yẹn ló sì ti hàn gbangba pé ojú kan ni gbogbo wọn ti ń tú jáde, bí ọ̀rọ̀ ojú irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnì kan wà tó rí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Frederick Douglass, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní Maryland, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, torí àwọn tó ni í ò jẹ́ kó mọ̀. Nígbà tó wá kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dòmìnira, ọdún tí ìràwọ̀ já yẹn ló fi mọ ọdún tí wọ́n gbé e kúrò ní Baltimore lọ sí St. Michaels. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àgbà tiwa ṣe ń ka ọdún, ọdún tí báyìí ṣẹlẹ̀, ọdún tí bàyìí wọ̀lú. Ojú ọ̀run ni kàlẹ́ńdà tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ Douglass.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester lè wo ti oṣù Kẹjọ, tiyín ni. Àmọ́ bí òtútù àti ìkùukùu bá gbà yín láyè ní oṣù Kejìlá, ẹ jáde sí ti ìbejì náà. Aago méjì òru ní Ìbàdàn, aago kan ni lọ́dọ̀ yín. Ní wákàtí yẹn, bí àwa bá kọjú sí àríwá, a ó rí Táíwò àti Kẹ́hìndé lókè. Ẹ̀yin, ẹ ní láti kọjú sí gúúsù kẹ́ ẹ tó rí wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé à ń wo ojú ara wa. Ìràwọ̀ tó bá já lókè Ìbàdàn, ẹ ò lè rí i ní London, torí gíga kìlómítà 100 kò tó kó hàn dé ọ̀dọ̀ yín, àwọn ará Ilọrin àti Abẹ́òkúta lè bá wa rí i. Àmọ́ ọ̀wọ́ eruku kan náà ni gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pe ilé láti béèrè iye tó wà nínú abọ́, ẹ pè é láìwo ojú fóònù, kẹ́ ẹ fi etí nìkan gbọ́ ọ.